Àdúrà Ọ̀nà Ìbàdàn

Bí ẹ bá ti gbọ́ orin Fareedah rí, èyí tó ń jẹ́ "Ọ̀sán Lórí Bébà" yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ fetí sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Ohùn kan wà níbẹ̀ kó tó la ẹnu. Ṣàkà-ṣùù, ṣàkà-ṣùù, ṣàkà-ṣùù. Àwọn òyìnbó rò pé ìlù ni. Mo tiẹ̀ ka ibì kan tí ẹnì kan ti kọ ọ́ pé ìró ìgbì òkun ilẹ̀ Áfíríkà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Òkun kẹ̀? Mọṣíìnì ìtẹ̀wé bàbá mi ni, ní Bajulaiye, ní Ṣómólú níbí. Èmi ni mo fi fóònù gbà á sílẹ̀ fún un, torí ó ní oorun ò kun òun ní Glasgow, ibẹ̀ ti dákẹ́ jù. Ó ní kí n bá òun rán ariwo ilé wa wá. Mo rán an. Ó ń gbọ́ ọ sùn. Nígbà tó yá, ó fi kọrin.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Abẹ́ mọṣíìnì yẹn ló gbé dàgbà. Màmá ẹ̀, Ìyá Fareedah, Sìkírátù lorúkọ wọn, ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, àwọn ni wọ́n máa ń bá wa ká bébà tí mọṣíìnì bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Èmi àti Fareedah á sùn sáàárín ìdì bébà bí ọmọ ológbò. Ọ̀sán ní Bajulaiye, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ó máa ń dà bí àlá. Oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé, eruku bébà á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, òórùn ínkì á gbé yín lójú, ẹ ó kàn máa wò ó, ẹ ó gbàgbé nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe. Fareedah á máa hun orin lábẹ́ ohùn mọṣíìnì, jẹ́jẹ́, débi pé tí wọ́n bá pa mọṣíìnì lójijì, orin ẹ̀ á ṣẹ́kù sínú afẹ́fẹ́, gbogbo wa á yíjú, ojú á sì tì í.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó lọ. Ẹgbẹ́ akọrin kan ní Bàrígà ló mú un dání, pé kó wá máa bá àwọn gberin níbi àjọ̀dún kan ní Scotland. Ó sọ fún mi. Kò sọ fún màmá ẹ̀. Ó ní Ìbàdàn lòun ń lọ, pé wọ́n pe àwọn síbi ìgbéyàwó, pé tó bá di ọjọ́ Ajé òun ti dé. Ọjọ́ Ajé dé. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ náà dé. Fareedah ò dé.

Glasgow ló dúró sí. Ó fọ abọ́. Ó tọ́jú àwọn arúgbó, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń kọrin fún wọn, wọ́n ń pè é ní orúkọ àwọn ọmọ tiwọn. Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń kọrin nílé oúnjẹ ọmọ Nàìjíríà kan, àwọn tó ń jẹun ò tiẹ̀ ní gbójú sókè. Lọ́jọ́ kan báyìí, ó dúró níbùdókọ̀, yìnyín ń bọ́ bí òwú, ọkọ̀ ò dé, ó wá ń kọrin láti fi lé òtútù lọ. Ẹnì kan tó dúró lẹ́yìn ẹ̀ ya fídíò. Ṣé ẹ mọ bí ayé ṣe rí báyìí? Kí ó tó délé, ayé ti gbọ́. Ní báyìí tó bá gun ìtàgé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òyìnbó á máa bá a ké "Bajulaiye! Bajulaiye!", àwọn tí ò mọ Fádèyí, tí ò mọ Igbóbì, tí ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì gbígbóná lẹ́bàá ilé wa. Ó ní nígbà míì, tí iná ìtàgé bá ti mọ́ sí òun lójú, òun máa ń rí i bíi pé eruku bébà ló ń fò nínú ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ò gbọ́ orin yẹn. Màmá ẹ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ pè wọ́n láti Scotland, mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé fóònù fún wọn.

"Màámi, èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Fareedah ni, màámi."

"Ọmọ mi wà ní Ìbàdàn," ni wọ́n sọ, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi.

Látọjọ́ náà nìyẹn o. Ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó bá bi wọ́n léèrè Fareedah, "Ó wà ní Ìbàdàn" ni, wọ́n á sì wo onítọ̀hún lójú títí á fi rántí pé òun níbì kan tí òun ń lọ. Orin ńkọ́? Wọn ò fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni orin yẹn wà níbi gbogbo: nínú kẹ̀kẹ́, nílé onídìrí, ní ṣọ́ọ̀bù Wonder tó ń gẹrun níwájú ilé ìtẹ̀wé wa. Àwọn èèyàn àdúgbò bá fi ṣe àṣà. Tí Ìyá Fareedah bá ń bọ̀ lójú títì, wọ́n á ti pa á. Ṣọ́ọ̀bù yìí á pa á, tòhún á pa á, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń pa àbẹ́là lọ ní ìkọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti kọjá tán, orin á tún máa tàn lẹ́yìn wọn. Mo máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà wa, mo máa ń wò ó. Obìnrin kan ń rìn nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, orin ọmọ ẹ̀ níwájú, orin ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn.

Ọdún yìí ni Fareedah rí ìwé tó lè fi jáde nílùú yẹn kó sì padà wọbẹ̀. Ó pè mí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀ ní December, òun á kọrin ní pápá kan ní Bàrígà, ọ̀fẹ́, fún gbogbo wa.

"Ṣùgbọ́n tí màámi ò bá jókòó síwájú, Ànú, mi ò ní lè kọrin."

"Wàá kọ ọ́ jàre. O ti kọ ọ́ níwájú gbogbo àgbáyé."

"Ìyẹn rọrùn. Àwọn yẹn ò mọ̀ mí."

Èmi àti Bọ̀ọ̀dá Mùtíù wá gbìmọ̀ pọ̀. Bọ̀ọ̀dá Mùtíù ló ń fi kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé wa, ọ̀gá ni tí kò bá ti sáré. A ní ká tẹ pósítà ẹ̀ ná, ká wá ọ̀nà tá a máa gbé e gbà sọ fún Ìyá díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ là ń sọ. Tí wọ́n bá wọlé, a ó dákẹ́, Bọ̀ọ̀dá Mùtíù á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu súfèé bí olè.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ ní láti mọ̀ nípa iṣẹ́ wa. Tí iṣẹ́ oníbàárà méjì bá kéré, a kì í ṣe pléètì ìtẹ̀wé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. A ó tò wọ́n pọ̀ sórí pléètì kan, a ó tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí bébà ńlá kan, tó bá yá a ó gé wọn sí méjì. Báyẹn ni gbogbo Ṣómólú ń ṣe. Lọ́jọ́ tí à ń tẹ pósítà Fareedah, àwọn ọmọ Ọlápọ̀sí, àwọn onílẹ̀ ní Bàrígà lọ́hùn-ún, mú ìkéde òkú ìyá wọn wá, Mama Tabitha, tó dágbére fáyé. Bọ̀ọ̀dá Mùtíù da méjèèjì pọ̀. Iná ń lọ, iná ń bọ̀, ó ń sáré kí kọ̀ǹpútà má kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi àwòrán sí i. Ó fi ti ọ̀tún sósì, ó fi tòsì sọ́tùn-ún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gé e, wọ́n tò ó jọ, ẹnì kankan ò wò ó.

Ìyá Fareedah ló kọ́kọ́ wò ó.

Ìyá gbọ́ kéwú dáadáa, wọ́n lè ka Kùránì látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n ABD tiwa yìí, wọn ò kọ́ ọ. Kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ojú ni wọ́n fi ń mọ iṣẹ́. Tó bá ní òrùka àti òdòdó, ìwé ìgbéyàwó ni. Tó bá ní àwọ̀ àlùkò yíká, tó ní àdàbà, tó ní àgbélébùú, òkú ni. Wọn ò ṣì í mú rí láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún.

Mo ti lọ ra ínkì ní Fádèyí. Nígbà tí mò ń bọ̀, látòkèèrè ni mo ti ń gbọ́ "Ọ̀sán Lórí Bébà", ó ń dún bíi pé gbogbo àdúgbò ló ń kọ ọ́. Mo yà sójú títì wa, mo dúró. Ìyá Fareedah ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Wonder nínú oòrùn gangan. Ìborùn wọn ti yọ̀ sí èjìká. Wọ́n dijú. Wọ́n di pósítà kan mọ́ àyà. Orin ọmọ wọn ń dà lé wọn lórí bí omi, wọn ò sì mira.

Wonder yọjú, ojú ẹ̀ là bí abọ́. "Àwọn ni wọ́n ní kí n gbé e sókè o," ó ní. "Mo fẹ́ pa á, wọ́n ní kí n gbé e sókè!"

Háà, inú mi dùn! Mo rò pé wọ́n ti rí pósítà, pé ọkàn wọn ti rọ̀. Mo yọ fóònù, mo ya fídíò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí Fareedah lójú ẹsẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Wo màmá ẹ." Mo wá sún mọ́ wọn. Mo rí etí bébà náà. Àwọ̀ àlùkò.

Wọ́n lajú. Ojú wọn gbẹ. Wọ́n na bébà náà sí mi: Fareedah tiwa, pẹ̀lú ìgò dúdú lójú, ó yanu, ó ń kọrin, àdàbà méjì lórí ẹ̀.

"Ànú," ni wọ́n pè mí, jẹ́jẹ́ báyìí. "Ta ló sọ ọmọ mi di Kìrìsítẹ́nì?"

"Ìyá, rárá! Àṣìṣe ni! Ìyá àgbà kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún! Fareedah ò kú! Ó ń bọ̀ wá kọrin ní Bàrígà, ó fẹ́ kẹ́ ẹ wá!"

Wọ́n mi orí. "Báyẹn náà lẹ máa ń sọ. Nígbà tí àbúrò mi kú ní Ìsẹ́yìn, ara ẹ̀ ò yá ni wọ́n ní, mo se ọbẹ̀ fún un, mo gbé ọbẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti sin ín. Ẹ̀yin náà ti ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ látọjọ́ yìí. Mo bá wọlé, ẹ dákẹ́. Etí mi di ni?"

Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í tú irú ọ̀rọ̀ yẹn lé ìyá ọmọ lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń búra tó, bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń dá wọn lójú.

Bọ̀ọ̀dá Mùtíù sáré jáde. Ó rí bébà, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo kú o!"

"Ìwọ kọ́ lo kú," Wonder ní. "Ìwọ lo pààyàn."

Bọ̀ọ̀dá Mùtíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó nawọ́ pósítà kejì sókè, èyí tó yẹ kó jẹ́ ti Fareedah. Mama Tabitha ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú gèlè àti ìwé orin ìyìn lọ́wọ́, wọ́n wá fi iná oríṣiríṣi yí màmá ká. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ wo arúgbó yìí. Ṣé ẹni tó fẹ́ fò lórí ìtàgé nìyí?"

Ìyá wò ó fínnífínní. "Mi ò mọ̀ wọ́n rí. Wọ́n lè mọ orin kọ."

Mo pe Fareedah. Kò gbé e. Mo tún pè é. Kò gbé e. Mo fún wọn ní ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, tó ń sọ̀rọ̀ òtútù, tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ ọ tán.

"Ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ kì í kú, Ànú. Rédíò ń gbé orin àwọn òkú jáde lójoojúmọ́."

A mú wọn wọlé, a fi wọ́n jókòó lórí ìdì bébà. Bàbá mi pa mọṣíìnì. Ẹ ò mọ bí Bajulaiye ṣe máa ń dákẹ́ tí mọṣíìnì bá dákẹ́. Bí ìgbà tẹ́ ẹ bá ri orí sínú omi. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Ìyá ti wá sọ ọ́, wọn ò sì wo ẹnì kankan nínú wa.

"Àdúrà ọ̀nà Ìbàdàn ni mo ṣe fún un. Láàárọ̀ tó ń lọ, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo dárúkọ ọ̀nà náà bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ẹ̀ fún èmi náà nígbà tí mò ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn. Mo ní Bẹ́gà, mo ní Ìbàfò, mo ní Mọ́wé, mo ní Ògèrè, kó lọ re, kó bọ̀ re. Ó ń ṣe àmín. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ lòun ń gbà, ó sì ń ṣe àmín." Wọ́n gbá ọwọ́ mọ́ orúnkún. "Gbogbo àárọ̀ ọdún mẹ́jọ, tí mo bá kírun tán, ọ̀nà yẹn náà ni mò ń tọrọ, torí òun ni mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mò ń ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọmọ mi ní Ògèrè. Ọmọ mi ò sì sí ní Ògèrè! Òfuurufú ló gbà. Ta ló ṣàdúrà òfuurufú fún un?"

Bọ̀ọ̀dá Mùtíù ti ń sunkún.

Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún. Fídíò. Fareedah ni, ó fi aṣọ ìnura wé orí, omi ń kán sí i léjìká. "Ànú! Mo wà ní balùwẹ̀! Fídíò tó o rán, ṣé òótọ́ ni? Ṣé màámi ni wọ́n dúró yẹn?" Mo kàn yí fóònù sí wọn.

Wọ́n wo ara wọn. Ìyá fọwọ́ kan gíláàsì fóònù, ojú Fareedah fò lọ, ó tún padà wá.

"Màámi," ni Fareedah wí.

"Ó lè jẹ́ fídíò àtijọ́," Ìyá sọ fún wa.

"Áà, Ìyá!" Bọ̀ọ̀dá Mùtíù ké.

"Kọrin," ni Ìyá wí fún Fareedah. "Kọ èyí tí mi ò gbọ́ rí."

"Gbogbo ẹ̀ lẹ ò gbọ́ rí!"

"Mùtíù, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Fareedah. Kọ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́."

Fareedah nu ojú. Ó wò wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú fóònù kékeré yẹn, ó sì rí àwòrán ara ẹ̀ lórí pósítà òkú nílẹ̀, lẹ́sẹ̀ Mùtíù. Ojú fèrèsé tó wà lẹ́yìn ẹ̀ funfun, yìnyín ń bọ́, ó ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ bí eruku bébà. Kò sí mọṣíìnì, kò sí nǹkan kan. Ó gbé e:

"Mo rí màámi lórí ìdì bébà,
ìborùn wọn yọ̀ sí èjìká.
Mo rí Mùtíù, ọ̀gá ayàwòrán,
iyẹ̀pẹ̀ kún imú ẹ̀ fọ́fọ́.
Ó fẹ́ sin mí kí n tó darúgbó,
Mùtíù, dìde, mi ò lọ mọ́ o."

Ohùn ẹ̀ há. Ó ya ní "darúgbó", ó tún un gbé. Kò dára tó ti inú rédíò rárá, èmi ò sì tíì gbọ́ nǹkan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wonder bú sẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá Mùtíù fọwọ́ nu imú. Ìyá Fareedah fi ìborùn bo ojú, èjìká wọn ń mì, mi ò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Nígbà tí wọ́n ṣí ojú, ojú ti pọ́n. "Ìbàdàn ńkọ́?"

"Mo purọ́, màámi. Ẹ má bínú. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa ní kí n má lọ."

"Ǹ bá ní kó o má lọ."

"Mo mọ̀."

"Ǹ bá ké."

"Mo mọ̀, màámi."

"Tí mo bá ké tán, ǹ bá ṣàdúrà." Wọ́n fa imú. "Ànú ní o ń bọ̀ wá kọrin ní Bàrígà, pé o fẹ́ kí n wá. Mi ò ní jókòó lẹ́yìn o, mi ò rí ọ̀ọ́kán mọ́. Ọ̀nà wo lo máa gbà bọ̀?"

"Màá wọ bàálù, màámi."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ẹ́. Dárúkọ ọ̀nà. Látẹnu ọ̀nà ilé ẹ. Má fo ibì kankan, má sì purọ́."

Ìyá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Fareedah náà tẹ́ tiẹ̀ níwájú fèrèsé lọ́hùn-ún. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó dárúkọ títì tó ń gbé. Ìyá dúró síbẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún títì náà, fún yìnyín orí ẹ̀, kí ó má yọ ọmọ àwọn ṣubú. Ó dárúkọ ibi tó ti máa wọ ọkọ̀. Ó dárúkọ pápákọ̀ òfuurufú, ó ní London, ó ní òkun. A pẹ́ lórí òkun. Ó ní aṣálẹ̀ Sàhárà.

"Ṣé èèyàn ń gbé níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀, màámi, díẹ̀díẹ̀."

"Kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn náà."

"Àmín," la wí.

Ohùn Fareedah ti ń fẹ́ di orin, kò mọ̀ pé ó ti ń di orin, oòrùn ọ̀sán sì ti wọlé dé gbogbo ara wa. Orí aṣálẹ̀ yẹn la wà nígbà tí àwọn ọmọ Ọlápọ̀sí dé láti wá gba iṣẹ́ wọn. Bàbá mi fi ọwọ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n rí wa bá a ṣe tẹ́wọ́, wọ́n rí àwọ̀ àlùkò nílẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dúró tì wá. Wọ́n rò pé ìyá àwọn là ń ṣàdúrà fún. Àmín tiwọn dún ju tiwa lọ. Ẹnì kankan ò dìde láti ṣàlàyé fún wọn. Nígbà yẹn, àdúrà wa ti sọdá aṣálẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Òṣòdì ni.